Iná dé, firewall méjì jí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò jí: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn tó ń tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì láti Marina títí dé Ìkẹjà ni mo kọ èyí fún: àwọn tó ní firewall (ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárín ọ́fíìsì àti íntánẹ́ẹ̀tì) méjì, tí ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ń ṣọ́ ọ, tí gbogbo rẹ̀ sì ń lọ geere títí di ìgbà tí iná bá lọ tó tún dé. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni mo ń pè ní ọ̀gá, èyí tó ń dúró dè é ni igbákejì. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, mo dárúkọ ẹ̀rọ náà.

Iná dé, àwọn méjèèjì tàn, iná ara wọn ń ṣẹ́jú, síbẹ̀ ẹnikẹ́ni ò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má tíì pa ọ̀kankan kí ẹ tún un tàn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ènìyàn nìyẹn, pàápàá tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá server, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pa wọ́n, ẹ̀rí ti bá a lọ. Ẹ wọ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yálà nípasẹ̀ wáyà console (èyí tó so laptop tààrà mọ́ ẹ̀rọ náà) tàbí àdírẹ́sì tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹ má gba àdírẹ́sì tí wọ́n jọ ń lò wọlé, torí ẹ ò ní mọ ẹni tó dá yín lóhùn. Kí ẹ wá bi í pé kí ni ó pe ara rẹ̀. Irú firewall tí ẹ ní ló ń pinnu àṣẹ tí ẹ máa tẹ̀. Lórí FortiGate, get system ha status ni. Lórí Cisco ASA, show failover. Lórí Palo Alto, show high-availability state. Lórí pfSense àti OPNsense, ojú ewé ipò CARP (ètò tí àwọn méjèèjì fi ń yan ọ̀gá) á fi hàn yín, tàbí kí ẹ tẹ ifconfig kí ẹ wo ibi tó kọ MASTER tàbí BACKUP sí. Ẹ kọ ohun tí àwọn méjèèjì sọ sílẹ̀, pẹ̀lú aago.

Bí àwọn méjèèjì bá sọ pé ọ̀gá ni àwọn, ìbéèrè tó tẹ̀ lé èyí ni tiyín. Bí kò bá sí ẹni tó gbà pé òun ni ọ̀gá, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọ̀gá tí èkejì jẹ́ igbákejì, tí íntánẹ́ẹ̀tì kò sì dé, ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì MAC (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí pọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí wáyà) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Àwọn méjèèjì ló ń pe ara wọn ní ọ̀gá. Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀?

Ọba kì í pé méjì láàfin, ṣùgbọ́n nídìí firewall wọ́n máa ń pé méjì, ìdí rẹ̀ kò sì ju ọ̀kan lọ: wọn ò gbọ́ ara wọn. Igbákejì kì í dìtẹ̀. Ìkéde ọ̀gá ló ń tẹ́tí sí; bí ìkéde bá dákẹ́, ó gbà pé ọ̀gá ti kú, ó sì gorí ìtẹ́. Nínú CARP tí pfSense àti OPNsense ń lò, ọ̀gá ń kéde ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, igbákejì kì í sì í dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 3 àti díẹ̀ lọ kó tó gbapò. Nítorí náà, ohun tó di wọ́n létí ni kí ẹ máa wá.

Nígbà tí ẹ̀rọ ń jí, switch, àpótí tí àwọn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì so mọ́, ni mo máa ń kọ́kọ́ mú. Spanning tree wà nínú rẹ̀ kí dátà má baà máa yí po láìdúró bí ẹnì kan bá so wáyà di òrùka. Ní ti spanning tree àtijọ́, bí pọ́ọ̀tì kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, switch á fi ìṣẹ́jú àáyá 15 tẹ́tí, á tún fi 15 mìíràn kọ́ àwọn àdírẹ́sì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó tó jẹ́ kí nǹkan kan kọjá. 30 nìyẹn lápapọ̀. Ní gbogbo àsìkò yìí iná pọ́ọ̀tì ti tàn, firewall ti rí i pé wáyà wà láàyè, ó ń kéde, ìkéde rẹ̀ kò sì kọjá ẹnu ọ̀nà. Igbákejì retí, kò gbọ́, ó di ọ̀gá. Nígbà tí switch bá ṣílẹ̀kùn, wọ́n á gbọ́ ara wọn, ọ̀kan á sì sọ̀kalẹ̀.

Bí ìjà náà bá ń parí fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, switch ni ẹ lọ tún ṣe. Ẹ sọ àwọn pọ́ọ̀tì tí firewall so mọ́ di edge port, èyí tí kì í dúró tẹ́tí kó tó jẹ́ kí nǹkan kọjá. Lórí switch Cisco, PortFast ni orúkọ rẹ̀. Kí ẹ fi BPDU guard ṣọ́ ọ, kó lè ti pọ́ọ̀tì náà bí ẹnì kan bá so switch mọ́ ọn. Àwọn pọ́ọ̀tì yẹn nìkan o! Ẹni tó bá ṣe é sórí pọ́ọ̀tì tó so switch mọ́ switch ń wá wàhálà tó ju èyí tó ń sá fún lọ.

Bí ìṣẹ́jú 3 bá kọjá tí ọ̀gá ṣì jẹ́ méjì, kì í ṣe spanning tree mọ́. Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè kan tó máa ń dun àwọn ènìyàn: ta ló ṣiṣẹ́ lórí switch kẹ́yìn, ṣé ó sì fi iṣẹ́ náà pamọ́? Lórí switch Cisco, ohun tí ẹ bá yí padà inú running-config (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) ló wà, ìyẹn sì ń kú bí iná bá lọ. Ẹnì kan lè ti fi VLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí a yà sọ́tọ̀ lórí switch kan náà) tuntun kún trunk (wáyà tó ń gbé ọ̀pọ̀ VLAN) lóṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kó gbàgbé write memory, àṣẹ tó ń fi ètò pamọ́, kí ohun gbogbo sì máa ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ tí switch máa kú tó máa jí pẹ̀lú startup-config àtijọ́. VLAN tí àwọn firewall fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ ti pòórá, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan firewall. Irú ẹ̀ṣẹ̀ báyìí, firewall ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sùn.

Ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí ẹ máa méfò ni pé kí ẹ tẹ́tí fúnra yín. Ìkéde CARP àti ti VRRP (ìbátan CARP tí àwọn ẹ̀rọ mìíràn ń lò) ń rìn lórí IP protocol 112, wọ́n sì ń lọ sí àdírẹ́sì 224.0.0.18. Lórí firewall kọ̀ọ̀kan ẹ tẹ tcpdump -ni igb1 ip proto 112. Orúkọ pọ́ọ̀tì tiyín ni kí ẹ fi rọ́pò igb1. Bí ó bá jẹ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́, ohun kan láàárín wọn ló ń gbé ohùn èkejì mì: VLAN tí kò kọjá, tàbí switch tó ń sẹ́ multicast (ìkéde tí a fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan) bí ẹni sẹ́ gàrí. Bí ó bá ń gbọ́ ohùn méjèèjì tí kò sì gbà, ẹ wo ọ̀rọ̀ ìpamọ́ CARP àti VHID (nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ wà) lójú méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn kò bá ti firewall kejì mu.

Mo fa wáyà ọ̀gá yọ láti dán an wò, igbákejì gbapò lójú ẹsẹ̀. Kí ló dé tó jẹ́ ìgbà tí iná bá dé nìkan ló ń dàrú?

Nígbà ìdánwò yẹn, gbogbo nǹkan tó kù ti wà lójúfò. Switch ti jí, ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ti jí, igbákejì ti ń gbọ́ ohùn ọ̀gá tipẹ́. Ọjọ́ tí iná bá lọ ní Broad Street, tí bátìrì UPS tán kí ẹni tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ tó débẹ̀, gbogbo wọn á kú pọ̀, wọ́n á sì jí pọ̀, kálukú pẹ̀lú bí oorun rẹ̀ ṣe wúwo tó. Firewall kékeré lè ti ṣetán nígbà tí switch ńlá ṣì ń yẹ ara rẹ̀ wò. Firewall kò mọ̀ pé switch ni kò tíì jí. Wáyà tó kú ló rí, ó sì dájọ́.

Ní tèmi o, púpọ̀ nínú ìṣòro tí a ń pè ní ti firewall ní Èkó, ọ̀rọ̀ iná ni. Kí ènìyàn ra firewall méjì, kó wá ki àwọn méjèèjì bọ ojú extension kan ṣoṣo, owó ìkejì ti ṣòfò. Ẹ gbé ọ̀gá sórí UPS kan, igbákejì sórí UPS mìíràn, kí switch náà má ṣe jẹ́ ẹyọ kan bí agbára bá wà. UPS ńlá míràn ní ihò iná tó pín sí ìsọ̀rí, tí ẹ lè ní kí ìsọ̀rí kan tàn kí òmíràn tó tàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan. Switch àti ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni kó kọ́kọ́ tàn, ọ̀gá tẹ̀ lé e, igbákejì kẹ́yìn. Bí tiyín kò bá ní irú rẹ̀, ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn rack ń ṣe iṣẹ́ náà, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ bá lè kà á.

Iná tó ń ṣẹ́jú burú ju iná tó lọ pátápátá lọ. NEPA mú un wá, ó lo ìṣẹ́jú méjì, ó mú un lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, NEPA tún dé. (Eko Disco ló ń pín iná fún Island, Ikeja Electric ló ni ibi púpọ̀ lórí ilẹ̀ mainland, ṣùgbọ́n NEPA náà ni gbogbo wa ń pè é.) Bí UPS yín bá ní ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kó má tíì fún ẹ̀rọ níná títí bátìrì yóò fi gba agbára díẹ̀, ẹ tan ibẹ̀. Ẹ̀yin tó ń lo keepalived (sọ́fítíwíà VRRP) lórí Linux ní vrrp_startup_delay: ó ń mú kí ẹ̀rọ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ bá yàn, kó tó dá sí ọ̀rọ̀ ta ni ọ̀gá.

Ọ̀gá gan-an, èyí tí a yàn tẹ́lẹ̀, ti jí, ṣùgbọ́n igbákejì kò gbé ipò sílẹ̀ fún un. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ púpọ̀ nínú wọn nìyẹn. Cisco ASA tó wà ní active/standby kì í gba ipò padà fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá jí pọ̀, primary (èyí tí ẹ yàn ní àkọ́kọ́) ló ń di ọ̀gá, bí secondary (èkejì) bá ti dá jí tó sì ti di ọ̀gá, primary tó bá dé lẹ́yìn á jókòó sí ipò igbákejì.

Ti FortiGate ló máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Bí override (ètò gbígba ipò padà) bá wà ní pípa, ó kọ́kọ́ ń wo iye pọ́ọ̀tì tó ń ṣọ́ tó wà láàyè, lẹ́yìn náà bí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó nínú ẹgbẹ́, kó tó kan priority (nọ́ńbà ipò tí ẹ fún un), kó tó kan serial number. Ìyàtọ̀ tí kò bá sì tó ìṣẹ́jú 5, kì í kà á sí. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nígbà tí iná bá dé: bí àwọn méjèèjì bá jí láàárín ìṣẹ́jú 5 síra wọn, priority ló ń pinnu, ọ̀gá tí ẹ fẹ́ á sì dé ipò rẹ̀. Bí ọ̀gá bá fi ìṣẹ́jú 7 pẹ́, bóyá torí pé UPS rẹ̀ ṣì ń gba agbára, igbákejì ló máa di ipò náà mú. Ìdí nìyẹn tí ohun kan náà fi ń ṣẹlẹ̀ lónìí tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́la, láìsí ẹni tó yí ètò kankan padà.

Palo Alto ní tirẹ̀ fẹ́ kí ẹ tan preemptive lójú méjèèjì kí ọ̀gá tó lè gba ipò rẹ̀ padà, nọ́ńbà priority tó kéré ló sì lágbára jù níbẹ̀, òdìkejì FortiGate. Ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn bí ẹ bá ti ibì kan bọ́ sí ìkejì.

Ìmọ̀ràn mi: ẹ jẹ́ kí gbígba ipò padà wà ní pípa. Firewall méjì tó jọra, kí ló kàn yín bí igbákejì bá ń ṣiṣẹ́ títí di alẹ́? Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, gbígba ipò padà ń sọ ìdádúró kan di méjì. Lórí Palo Alto, bí ipò bá ń fò síwá sẹ́yìn tó sì tó ìwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ (3 ni bó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá), firewall náà á dá ara rẹ̀ dúró títí ènìyàn á fi wá gbé e dìde.

Kò sí ẹni tó gbà pé òun ni ọ̀gá.

Ẹ wo wáyà. Nínú CARP, pọ́ọ̀tì tí kò rí wáyà tó wà láàyè á wà ní INIT, kì í díje rárá. Bí switch kò bá tíì jí, àwọn méjèèjì lè wà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo bóyá ẹnì kan fi pfSense sí persistent maintenance mode nígbà tó ń ṣàtúnṣe: ìyẹn kì í lọ bí ẹ bá tún un tàn, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Bákan náà, nígbà tí pfsync (èyí tó ń pín àkójọ àwọn ìsopọ̀ láàárín àwọn méjèèjì) bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, ẹ̀rọ náà máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi gba àkójọ àwọn ìsopọ̀ lọ́dọ̀ èkejì. Bí wáyà pfsync bá já, ìrẹ̀sílẹ̀ yẹn lè pẹ́ díẹ̀, ẹ má kánjú pè é ní ìṣòro.

Ọ̀gá wà, igbákejì wà, gbogbo rẹ̀ pé, íntánẹ́ẹ̀tì kò dé.

Àdírẹ́sì MAC. ASA ní ìwà kan tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lò ó mọ̀. Bí secondary bá jí tí kò rí primary, MAC ara rẹ̀ ló máa lò, torí kò mọ ti primary. Nígbà tí primary bá wá dé, secondary tó ń ṣe ọ̀gá á pààrọ̀ MAC sí ti primary láàárín iṣẹ́. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó wà lókè ṣì lè máa rántí MAC àtijọ́, router Cisco sì ń tọ́jú ìrántí ARP (ibi tó kọ MAC àdírẹ́sì IP kọ̀ọ̀kan sí) fún wákàtí 4 bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Ohun tó ń tán an ni kí ẹ yan MAC tí wọ́n jọ máa lò fún pọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan fúnra yín. Nígbà tí wàhálà náà bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ pe ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kí wọ́n pa ARP rẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ sọ ọ́ tààrà, “ẹ bá wa clear ARP”. Bí ẹ bá kàn ní “íntánẹ́ẹ̀tì wa kò ṣiṣẹ́”, wọ́n á ní kí ẹ lọ pa router kí ẹ tún un tàn.

CARP kò ní ìṣòro yẹn, ó ní tirẹ̀. MAC tó ń lò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 00:00:5e:00:01, nọ́ńbà VHID yín ló sì parí rẹ̀. VRRP ń lo irú MAC kan náà. Ẹ wá fojú inú wo ilé alájà púpọ̀ kan ní Marina, tí ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ń fi switch kan pín fún ọ́fíìsì mẹ́fà. Ẹ̀yin lo VHID 1 torí òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣí ojú ewé náà. Aládùúgbò yín lókè náà lo 1. Ọjọ́ tí iná bá dé fún gbogbo ilé lẹ́ẹ̀kan, MAC kan náà ń jáde láti ibi méjì. Ẹ yan nọ́ńbà tí kò wọ́pọ̀, láàárín 1 sí 255.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè ra igbákejì tòkunbọ̀ ní Computer Village?

Ó dá lórí ẹ̀rọ. Bí ó bá jẹ́ pfSense tàbí OPNsense lórí kọ̀ǹpútà lásán, ẹ lọ rà á ní Otigba, kí ẹ sáà rí i pé àwọn pọ́ọ̀tì rẹ̀ ní orúkọ kan náà bíi ti ọ̀gá. FortiGate, Palo Alto àti ASA ń fẹ́ kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà gan-an. Láìsẹ́nsì náà máa ń tẹ̀ lé serial number, kì í tẹ̀ lé ẹni tó rà á. Lórí FortiGate, bí láìsẹ́nsì ọ̀kan bá kéré, ìwọ̀n èyí tó kéré ni ẹgbẹ́ náà máa bá lọ.

Ohun tó wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rù jùyẹn lọ: bí ASA bá jí gẹ́gẹ́ bí igbákejì, ó ń nu ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ kúrò, àfi àwọn àṣẹ failover, ó sì ń gba ti ọ̀gá sínú. Bí ẹ̀rọ tuntun tó ṣófo bá wá di ọ̀gá, òfìfo ló máa fi ránṣẹ́. FortiGate tuntun tí ẹ tan override fún, tí priority rẹ̀ ga jù, lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó so ẹ̀rọ tuntun mọ́ ẹgbẹ́, ẹ gbé ẹ̀dà ètò sí ibòmíràn, ẹ fún un ní priority tí kò lágbára (nọ́ńbà kékeré lórí FortiGate, nọ́ńbà ńlá lórí Palo Alto), kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀gá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́.

Firewall dé, VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó so ọ́fíìsì mọ́ ibòmíràn) kò dé.

Ẹ wo aago. Bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ tó ti kú máa ń jẹ́ kí firewall jí sínú ọdún tó ti kọjá lọ, sáítífíkéètì tí VPN fi ń dá ẹni mọ̀ á sì dà bí èyí tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ó ń fẹ́ NTP (ètò tó ń gba aago tó péye láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) láti tún aago ṣe, NTP ń fẹ́ DNS (tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì), DNS sì lè wà lẹ́yìn VPN náà. Ẹ fi àdírẹ́sì IP kún àwọn NTP server yín, kì í ṣe orúkọ nìkan, kí ẹ sì pààrọ̀ bátìrì.

Ṣé kí n ní kí firewall máa ping 8.8.8.8 (kó máa pe àdírẹ́sì Google yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì), kó gbapò bí kò bá fèsì?

Kò yẹ. Ibi tí ẹ̀ ń ping kò gbọdọ̀ jìnnà ju ibi tí ìgbapò lè wò sàn lọ. Ní March 14, 2024, nígbà tí àwọn kébù abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, tí MainOne, WACS, ACE àti SAT-3 wà lára wọn, kò sí firewall kankan ní Èkó tó lè fi gbígbapò ṣàtúnṣe rẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìpinnu rẹ̀ lé ibi tó jìnnà lókè òkun kàn máa sọ ẹ̀rọ rẹ̀ di ẹni tó ń sáré láti igun kan sí èkejì. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí pàápàá, ìsopọ̀ lókè kò tíì dúró, ping àkọ́kọ́ á kùnà dandan. Router tó wà lójú ọ̀nà, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì yín, ni kí ẹ ping, kí ẹ sì jẹ́ kó kùnà ní ọ̀pọ̀ ìgbà kó tó dájọ́.

Orí VMware ni tèmi wà: sọ́fítíwíà lórí kọ̀ǹpútà kan (host) ni firewall mi, kì í ṣe àpótí.

Fún CARP, ẹ gba promiscuous mode, MAC address changes àti forged transmits láyè lórí port group náà (apá switch inú VMware tí firewall so mọ́). Kí àwọn firewall méjèèjì má sì gbé orí host kan náà, torí host yẹn náà ń jí pẹ̀lú iná.

Báwo ni kí n ṣe dán ìjí yìí wò kí NEPA tó bá mi dán an wò?

Ẹ yan àárọ̀ ọjọ́ Sunday, ẹ sọ fún àwọn tó yẹ kó mọ̀, kí ẹ sì pa gbogbo rack pátá, switch pẹ̀lú. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹ ní kí àwọn firewall àti switch máa fi log wọn ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà kan tí kò sí lórí rack yẹn, torí aago inú firewall kò ṣeé gbára lé lásìkò yìí. Ẹ jẹ́ kí laptop kan máa ping àdírẹ́sì tí wọ́n jọ ń lò láti inú ọ́fíìsì, kí òmíràn máa ping láti ìta lórí fóònù. Ẹ so wáyà console mọ́ méjèèjì. Lẹ́yìn náà ẹ tan iná padà bí iná ṣe máa ń dé gan-an, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìtò ó. Ìgbà kejì, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 5 lọ. Ìgbà kẹta, ẹ pa á lójijì nígbà tó ń jí lọ́wọ́, nítorí bí iná wa ṣe ń ṣe náà nìyẹn.

Bí ó bá wá di pé kí ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ṣe firewall, ohun tí wọ́n máa béèrè ni ẹ̀dà ètò méjèèjì, nọ́ńbà ẹ̀yà sọ́fítíwíà lójú méjèèjì (wọ́n gbọ́dọ̀ bára mu), log switch láti ìgbà tí iná dé, àti aago tí ipò yí padà. Log switch ni wọn kì í sábà rí gbà, torí switch púpọ̀ ń tọ́jú log sínú RAM, ó sì ti kú pẹ̀lú iná. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ fi ránṣẹ́ síta.